Ta Ni Yóò Dá Ọmọ Náà Lóhùn?

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé Ọjọ́ Àjíǹde, gẹ́gẹ́ bí àṣà ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwa náà jáde lọ sí Gálílì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ ohun tí mo ń wí: pápá tí ó tẹ́jú lẹ́yìn ìlú, ìkòkò ìrẹsì, ìlù, eré ìje fún àwọn ọmọdé, ẹní tí a tẹ́ sábẹ́ igi. Mo pe ọmọdékùnrin kan tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni, mo sì bi í pé, "Kí ni à ń pè ní Gálílì?" Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Tíṣà, ibi tí a ti ń jẹ ìrẹsì ni." Àwọn àgbà tí ó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi nínú mọ́. Ọmọ yìí ni ó gba ẹ̀bùn nínú ìdánwò Ìwé Mímọ́ ní oṣù Kejìlá. Ó lè ka orúkọ àwọn àpọ́sítélì méjèèjìlá láìṣi ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n pé Olúwa tí ó jíǹde ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n wá pàdé òun ní Gálílì, àti pé nítorí èyí ni a fi ń jáde lọ sí pápá lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un nínú ilé baba rẹ̀.

Nígbàkígbà tí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá délẹ̀, a máa ń wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù. A ó ní ọjà ni ó ba ọdún jẹ́. A ó ní àwọn òyìnbó ni wọ́n kó àṣàkaṣà wá. A ó ní tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni ó gba ọkàn àwọn ọmọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjà ń ṣe iṣẹ́ ọjà. Ẹ̀bi náà wà lọ́rùn baba ilé tí ó fi ọdún lé ìjọ lọ́wọ́, ó sì wà lọ́rùn àwa olùkọ́ tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kò dá a padà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ jà lé lórí nìyí. Bí ó bá dun ẹnikẹ́ni, kí ó mọ̀ pé ara mi ni mo kọ́kọ́ fi pàṣán náà nà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orísun. Ẹ ṣí Ìwé Ẹ́kísódù sí orí kejìlá. Nígbà tí Ọlọ́run fi Àjọ Ìrékọjá lélẹ̀ fún Ísírẹ́lì, kò sí tẹ́ḿpìlì, kò sí ẹgbẹ́ akọrin, kò sí ilé-ẹ̀kọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ni ó mú ọ̀dọ́-àgùntàn; bí ilé kan bá sì kéré jù fún ọ̀dọ́-àgùntàn kan, kí ó pe aládùúgbò rẹ̀ mọ́ra. Ẹnu ọ̀nà ilé ni a fi ẹ̀jẹ̀ náà kùn, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé Ọlọ́run ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ọmọ yóò bèèrè. Ó mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ọmọ yóò bi àwọn òbí wọn léèrè ohun tí ìsìn náà jẹ́, ó sì fi ìdáhùn sí ẹnu òbí. Kò pàṣẹ pé kí òbí rán ọmọ lọ bi àlùfáà. Bákan náà ni ó rí ní Gílígálì, níbi tí Jóṣúà to òkúta méjìlá tí wọ́n gbé láti inú Jọ́dánì jọ: a tò wọ́n kí ọmọ lè rí wọn kí ó sì bèèrè, kí baba sì lè dáhùn.

Títí di òní, ní alẹ́ Ìrékọjá nínú ilé àwọn Júù, ọmọ tí ó kéré jù nídìí oúnjẹ ni ó máa ń béèrè ìdí tí òru yẹn fi yàtọ̀, àwọn àgbà a sì ròyìn Íjíbítì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Láti ìgbà náà ni ìrúbọ ti dópin níbẹ̀; síbẹ̀ àjọ̀dún náà kò kú. Bí ó bá jẹ́ pé inú tẹ́ḿpìlì nìkan ni a ti ń ṣe é, ìbá ti bá ògiri lọ. (Kí ẹ̀yin alàgbà tí ẹ ń gba owó ilé ìsìn tuntun lójoojúmọ́ ro èyí wò díẹ̀.) Olúwa wa fúnra rẹ̀, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó dàgbà sí. Lúùkù sọ fún wa pé ọdọọdún ni àwọn òbí rẹ̀ máa ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù fún Ìrékọjá, àti pé nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n bá a láàrin àwọn olùkọ́, ó ń gbọ́ wọn, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Èmi gbà pé ọmọ tí ó mọ ìbéèrè bi àwọn amòfin, nídìí oúnjẹ baba rẹ̀ ní Násárẹ́tì ni ó ti kọ́ bí a ti í béèrè.

Kí a má tilẹ̀ lọ jìnnà. Àwọn baba wa tí kò mọ Kristi, báwo ni wọ́n ti ń ṣe ọdún? Mi ò yin òrìṣà o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọ̀rọ̀ mi lọ́nà òdì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún ìjẹṣu tàbí ọdún egúngún bá dé, ọmọdé kì í ṣe òǹwòran. Ọmọ kan ni yóò gbálẹ̀ ojúde, òmíràn yóò ru iṣu, òmíràn yóò tẹ̀lé baba rẹ̀ káàkiri, yóò máa gbọ́ oríkì ìdílé títí yóò fi mọ́ ọn lórí. Kò sí ẹni tí ó ṣe ìdánwò fún wọn, wọn kò sì gbàgbé títí wọ́n fi di arúgbó. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ: Abíọ́dún, Bọ́dúndé, Abọ́dúnrìn. Lójú wọn ọdún dà bí àlejò pàtàkì tí ó ń bọ̀ wá sínú ilé, ọmọ tí ó bá sì bá a dé ní ọlá. Àwa tí a ní Ìhìnrere, tí a ní Bíbélì lódindi ní èdè wa láti ọdún 1884, àwa ni a jẹ́ kí àwọn ọmọ wa di òǹwòran ní ọdún tiwọn.

Ẹ wá wo oṣù Kejìlá wa. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ ti ń du àwọn ọmọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lónìí ni ìdánrawò orin, lọ́la ni ìdánrawò eré, ọ̀túnla ni alẹ́ orin Kérésìmesì, lẹ́yìn rẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́, àṣekágbá Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ìdúpẹ́ àwọn ọkùnrin, ìdúpẹ́ àwọn obìnrin, olúkúlùkù pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀ àti owó dídá tirẹ̀. A kò fi alẹ́ kan sílẹ̀ fún ilé. A fi ìwé ṣe ìyẹ́ fún ọmọ kan, a ní áńgẹ́lì ni. A fi táwẹ́lì wé òmíràn lórí, a ní olùṣọ́-àgùntàn ni. Wọ́n ka Lúùkù orí kejì láìwòwé, àwọn òbí pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń wo alárìnjó, wọ́n ya fọ́tò, ó parí. Èmi náà ti kọ́ irú eré bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, inú mi sì ń dùn bí àwọn ènìyàn bá yìn mí. N kò bi ara mi léèrè rí bóyá baba kan ti fi ẹnu ara rẹ̀ ka ẹsẹ wọ̀nyí sí etígbọ̀ọ́ ọmọ rẹ̀. Kí ni yóò tún kà á sí? Tíṣà ti bá a ṣe é.

Nígbà tí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá wá dé, ìyá ti wà nídìí ààrò láti ìgbà àkùkọ. Baba jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò rẹ̀ àti àwọn ìgò. Àwọn ọmọ wọ aṣọ ọdún, wọ́n ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń kí "ẹ kú ọdún" kí a lè fún wọn lówó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọmọ ka owó rẹ̀, ó sùn. Ní oṣù Kínní, baba bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ẹni tí ó jẹ ní gbèsè.

Àwọn kan wà tí wọ́n ní oògùn kan ṣoṣo fún àrùn yìí: kí a pa ọdún náà tì. Wọ́n ní Bíbélì kò dá ọjọ́ fún ìbí Olúwa. Òótọ́ ni, kò dá a. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìjọ Róòmù ti ń ṣe é ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ní ọdún 336. Ṣùgbọ́n a ti dán oògùn yìí wò rí. Ní ọdún 1647 ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin pa Kérésìmesì rẹ́. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1659 bu ìtanràn ṣílè márùn-ún lé ẹnikẹ́ni tí a bá rí tí ó ń ṣe é. Àwọn tí ó ṣe òfin wọ̀nyí kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Olùfọkànsìn ni wọ́n. Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde? Ní Massachusetts a fagi lé òfin náà ní ọdún 1681, ọdún náà sì padà wá, nílùú Òyìnbó àti ní Amẹ́ríkà, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé tí ó bá pa ọdún tì kò fún ọmọ ní ìgbàgbọ́ tí ó mọ́ jù. Ọjọ́ òfìfo ni ó fún un, ọjà yóò sì bá a kún un.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò bá ìrẹsì jà. Nehemáyà rán àwọn ènìyàn lọ jẹun dáadáa ní ọjọ́ mímọ́, ó ní kí wọ́n mu ohun dídùn, kí wọ́n sì bu oúnjẹ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní. Ẹ̀ka kẹta yìí ni a gé kúrò. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, bí Iléyá bá dé, aládùúgbò Mùsùlùmí a bu ẹran fún wa. Bí Kérésìmesì bá dé, àwa náà a bu ìrẹsì fún un. Àṣà rere ni. Ṣùgbọ́n ta ni ń gbé àwo náà lọ? Ọmọ-ọ̀dọ̀ ni. Kí ọmọ inú ilé gbé e lọ, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Àlááji pé, "Ẹ kú àdúrà, sà, àwọn òbí mi ní kí ẹ bá wa yọ̀, nítorí a ń rántí ìbí Jésù lónìí." Ọmọ tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ti wàásù ju èyí tí ó fi ìyẹ́ ìwé dúró lórí pẹpẹ lọ. Kí àwo àkọ́kọ́ tilẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ opó tí ó wà lẹ́yìn ilé, kí ó tó kan ẹni tí yóò bu padà fún wa.

Wàyí o, mo fẹ́ mú ohun kan wá tí mo gbà pé ó yẹ àwa Yorùbá ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ. Ẹ ka ọjọ́ mẹ́jọ láti ọjọ́ Kérésìmesì, kí ẹ ka ọjọ́ náà mọ́ ọn: ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kínní ni ẹ óò bá a. Lúùkù ròyìn pé ní ọjọ́ kẹjọ ni a kọ Olúwa wa nílà, ọjọ́ náà ni a sì sọ ọ́ ní Jésù, bí áńgẹ́lì ti wí ṣáájú. Nítorí èyí ni Ìwé Àdúrà tí àwọn baba wa gbà fi ya ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún sọ́tọ̀ fún Ìkọlà Kristi. Àwa ń ṣe àìsùn ọdún tuntun, a ń pariwo, a ń yin ohun abúgbàù, a sì gbàgbé pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Olúwa ni ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́ bá.

Òyìnbó ni yóò fi ìwàásù gígùn ṣàlàyé ọjọ́ kẹjọ fún ọmọ rẹ̀. Ní ayé àtijọ́ àwọn baba wa ń sọ obìnrin lórúkọ ní ọjọ́ keje, ọkùnrin ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìbejì ní ọjọ́ kẹjọ. Ní ìsinsìnyí ọjọ́ kẹjọ ni ó kárí gbogbo wọn. Ọmọ Yorùbá tí kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ mọ ohun tí ó jẹ́. Ó ti tọ́ oyin àti iyọ̀ wò ní ọjọ́ tí a kó àbúrò rẹ̀ jáde. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ wa, a kàn kọ̀ láti fi ṣí ilẹ̀kùn ni.

Ní ilé tiwa, fún ọdún bí mélòó kan, a máa ń kó ara wa jọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún tuntun kí àlejò tó dé. Ìyàwó mi a gbé àwo kékeré mẹ́ta kalẹ̀: omi, iyọ̀, oyin. Ọmọ tí ó kéré jù a bèèrè pé, "Bàbá, orúkọ ta ni à ń sọ lónìí?" Èmi a ní orúkọ Olúwa wa ni, n ó sì ka ẹsẹ náà. A ó wí ohun tí Jésù túmọ̀ sí, pé Olúwa ni ìgbàlà. Lẹ́yìn èyí, ọmọ kọ̀ọ̀kan a sọ orúkọ tirẹ̀ àti ìdí tí a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá mọ̀, ìyá rẹ̀ a sọ fún un. Ní ọdún kan, ọmọbìnrin wa kejì gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé inú ọ̀fọ̀ ni ilé wa wà nígbà tí a bí i, àti pé nítorí rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ fi jẹ́ orúkọ ìtùnú. Ó sunkún díẹ̀, ìyá rẹ̀ náà sunkún, a sì gbàdúrà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí lọ. Ìrẹsì ṣì wà lórí iná nígbà tí a parí.

Alàgbà kan gbọ́ nípa èyí, ó ní à ń mú ìbọ̀rìṣà wọ inú ọdún. Mo bi í pé, nígbà tí a sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ṣé kì í ṣe oyin ni Pásítọ̀ fi kan ọmọ náà lẹ́nu lójú gbogbo wa? Ó dákẹ́. Oyin kì í ṣe òrìṣà. Bí a bá lè fi í súre fún ọmọ wa, n kò rí ohun tí ó burú bí a bá fi í rántí orúkọ ẹni tí gbogbo ìsọmọlórúkọ wa ń tọ́ka sí.

Nípa Bàbá Kérésì n kò fẹ́ sọ púpọ̀. Nicholas tí a ti yọ ọ́ jáde jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Myra, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ni Ìjọ ń rántí rẹ̀. Ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni pé òru ni ó ń fi owó sílẹ̀ fún tálákà, kí wọ́n má baà mọ ẹni tí ó fún wọn. Ẹ lọ wo èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá wa: baba ọmọ a sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ a wọlé, a sì gba ẹ̀bùn tí kò tó iye tí a san. Ọmọ tálákà dúró lẹ́yìn ọgbà, ó ń wo irùngbọ̀n òwú láti òkèèrè. Ẹ sọ ìtàn bíṣọ́ọ̀bù náà fún ọmọ yín. Ó dùn ju irùngbọ̀n òwú lọ.

Wọ́n á ní àwọn òbí kò ní àyè, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tí wọn ó dáhùn. Ti àyè kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó rí àyè wá aṣọ ọdún rí àyè ìdajì wákàtí. Ṣùgbọ́n ti àìmọ̀ ṣe pàtàkì, nítorí ìtìjú wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1839, ní Hamburg ní Jámánì, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Johann Hinrich Wichern ń tọ́ àwọn ọmọ aláìní nínú ilé kan. Àwọn ọmọ náà ń yọ ọ́ lẹ́nu lójoojúmọ́ pé Kérésìmesì ha ti dé bí. Ó mú kẹ̀kẹ́ ẹrù kan, ó to àbẹ́là sí orí rẹ̀ yíká, ńlá fún ọjọ́ Ìsinmi, kékeré fún ọjọ́ yòókù, wọ́n sì ń tan ọ̀kan kún un lójoojúmọ́. Láti inú ìbéèrè ọmọ ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ti wá. Àbẹ́là mẹ́rin lórí àwo kò wọ́n ní ọjà wa. Tan ọ̀kan ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan tí ó ṣáájú ọdún, kí o ka ẹsẹ mẹ́ta, kí o jẹ́ kí ọmọ bèèrè. Bí o kò bá mọ ìdáhùn, sọ fún un pé ẹ ó jọ wá a. Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, Àfàlá, rí ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí a ti kó o lẹ́rú. Ní ọdún 1848 ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ìrìbọmi fún un. Ìyá náà kò ní ọmọ kò gbọdọ̀ kọ́ òun.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Kí sáà ẹ̀kọ́ tó parí ní oṣù Kejìlá, ẹ dín eré àti ìdánrawò kù, kí alẹ́ díẹ̀ lè padà sílé. Dípò ẹsẹ tí ọmọ yóò kà lórí pẹpẹ, ẹ fún un ní ìbéèrè kan tí yóò mú lọ sílé. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má fi ìbéèrè náà ṣe àfojúdi, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ ohun tí à ń ṣe yìí?" Ní oṣù Kínní, kí a tó ṣí ìwé kankan, kí olùkọ́ gbọ́ ìdáhùn tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà. Bí ọmọ kan bá ní bàbá òun kò rí àyè dáhùn, kí olùkọ́ má ṣe dáhùn fún un ní kíláàsì. Kí ó wọ bàtà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ó fa ọmọ náà lọ́wọ́, kí ó sì lọ kí baba rẹ̀ nílé.